Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (WASU)

Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ jù sí WASU, jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, Gold Coast (Gánà òde òní), Sẹ̀rà Líónì àti Gáńbíà dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925. Ìwádìí nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà yàn láàyò, wọ́n sì máa ń gbé ohun tí wọ́n bá rí fún àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè fi bi ìjọba amúnisìn léèrè. Ohun tí wọ́n béèrè fún ní ọdún 1942 kan gbogbo Nàìjíríà, títí dé ilẹ̀ Okun ní agbègbè Kàbà, níbi tí aráàlú kò ti ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣírí Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sẹ̀rà Líónì. J. B. Danquah láti Gold Coast ni ààrẹ àkọ́kọ́, Ṣólàńkẹ́ sì ni akọ̀wé àgbà. Ìwé ìròyìn wọn, Wasu, bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 1926. Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ náà kò ní ṣàì rántí wàásù.

Láàárín ọdún 1929 sí 1932, Ṣólàńkẹ́ rin ìrìn-àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó tí wọn yóò fi ní ilé ti ara wọn. Wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Town ní ọdún 1933. Nígbà tí ìjọba ṣí ilé mìíràn, Aggrey House, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1934, WASU kọ̀ ọ́, nítorí wọ́n gbà pé ìjọba fẹ́ fi máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ìwádìí àti àwọn aṣòfin

Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè pe mínísítà kó wá jẹ́jọ́, ṣùgbọ́n aṣòfin lè bi í ní ìbéèrè ní gbangba, kò sì ní ṣàì fèsì. Ọ̀nà yìí ni WASU gbà. Reginald Sorensen àti Arthur Creech Jones, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, wà lára àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1940, Creech Jones àti Rita Hinden dá Fabian Colonial Bureau sílẹ̀ láti máa ṣèwádìí lórí ìṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn. Ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó Gold Coast kọ̀ láti ta kòkó fún àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó tó pa ohùn pọ̀ lórí iye owó ní 1937 sí 1938, WASU gbè wọ́n lẹ́yìn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti Àdéhùn Àtìláńtíìkì, tí Churchill àti Roosevelt gbé jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1941. Ìlà kẹta rẹ̀ sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tó wù wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, Clement Attlee sọ níwájú WASU pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ni àdéhùn náà wà fún. Kò pé oṣù kan tí Churchill fi sọ nílé aṣòfin pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ àjàgà Násì ni àwọn ní lọ́kàn. Èwo ni kí wọ́n gbàgbọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 1942, WASU kọ̀wé sí ìjọba pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàkóso ọ̀rọ̀ abẹ́lé ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí òmìnira pátápátá sì tẹ̀ lé e láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Ìjọba kò gbà.

Ipò ilẹ̀ Okun

Okun, orúkọ tí a mú láti inú ìkíni wọn, ni àpapọ̀ àwọn Owé ti Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwórò. Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n Àríwá ni òyìnbó kà wọ́n mọ́. Ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà ní oṣù kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Núpé tó wà níbẹ̀ sì sá. Láti ọdún 1900 ni agbègbè náà ti wà lábẹ́ ìjọba Àríwá.

Òfin ọdún 1922 fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta tí a ń dìbò fún nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì fún Calabar ní ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ náà kò ní àṣẹ lórí Àríwá. Gómìnà nìkan ló ń ṣòfin fún un. Nítorí náà, nígbà tí WASU kọ̀wé ní ọdún 1942, ará Abẹ́òkúta lè ka ohun tí ìgbìmọ̀ Èkó sọ nípa ìlú rẹ̀, ará Kàbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1947 ni àwọn aṣojú Àríwá tó wọ ìgbìmọ̀ náà, nípasẹ̀ àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀, kì í ṣe nípa ìbò aráàlú.

Òmìnira Nàìjíríà dé ní ọdún 1960, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn gbèdéke tí WASU dá. Ṣólàńkẹ́ kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ìgbìmọ̀ Willink, tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ pé kí apá kan Ìlọrin àti Kàbà dara pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ìwé rẹ̀ jáde láìyí ààlà náà padà.