Ará Ojú Ọ̀run àti Òṣìṣẹ́ Òru Ìkẹjà

Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń tẹ́ ẹní lálẹ́, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń wọlé síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége. Bí wọ́n bá dé ní òwúrọ̀, tí wọ́n sùn, ará ilé a ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi wí pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn tó ti lọ sí ojú ọ̀run ni ẹlẹ́rìí mi.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run kò jìnnà sí wa. Ní 1962, nígbà tí John Glenn ará Amẹ́ríkà yí ayé ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Kánò wà lára àwọn ibùdó tí a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tí àwọn dókítà sì ti ń ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù.

Kí ni wọ́n ń ṣọ́? Ara ní ọmọ-ogun tí ń gbógun ti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ara tún ní oje kan, cortisol, tí ń ti orí kíndìnrín wá. Òun ló ń jí wa láàárọ̀, òun ló ń fún wa lágbára nígbà ewu. Ṣùgbọ́n bí àníyàn àti àìsùn bá mú un pọ̀ títí, a máa dín agbára àwọn ọmọ-ogun náà kù.

Ní ibùdó ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní ISS, oòrùn ń là bí ìgbà 16 lójúmọ́. Wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún oorun. Ìwádìí 2014 fi hàn pé bíi mẹ́fà ni wọ́n ń sùn. Ìwádìí 2019 sì yẹ itọ́ àti ìtọ̀ wọn wò. Nínú èèyàn 89 tó lọ fún ọjọ́ díẹ̀, 47. Nínú 23 tó pẹ́ lókè, 14 ni kòkòrò àrùn tó ti sá pamọ́ sí lára tún jí, irú èyí tí ń mú egbò yọ létè lẹ́yìn ibà. Díẹ̀ nínú wọn ni àìsàn hàn lára. Bẹ́ẹ̀ ni, alágbára tí a ṣà ni gbogbo wọn!

Lóòótọ́, ara kì í wúwo lókè, ìtànṣán tó léwu sì wà níbẹ̀. Ìkẹjà kò ní ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àìsùn àti àníyàn, a ní in.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ òru, fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé rẹ, má sì fi oògùn lé oorun sá nítorí iṣẹ́ kejì. Ìyá ilé, jọ̀wọ́ yí rédíò sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe gbé òṣìṣẹ́ láti ọ̀sán bọ́ sí òru láìjẹ́ kí ó sinmi. Ní 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ iná ISS sí irú èyí tí kì í lé oorun lọ, nítorí èèyàn mélòó kan péré.

Ẹ̀rọ tó bàjẹ́, a lè ra òmíràn. Ara ńkọ́? Ìlera lọrọ̀.