Àrùn ìfun tó ń pa ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, oyún máa ń tó ọ̀sẹ̀ 40. Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èyí tí a bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 28 ni ewu tirẹ̀ pọ̀ jù.

Kí ló ń fa àrùn yìí?

Ìfun ọmọ náà kò tíì gbó. Kòkòrò àrùn lè wọ ara ìfun náà. Nígbà tí ara bá ń bá kòkòrò jà, ìfun á pọ́n, á sì wú. Apá kan rẹ̀ lè kú, ó sì lè lu. Ìdọ̀tí á wá tú sínú ikùn.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n?

- Ikùn ọmọ wú, ó sì le.
- Èébì rẹ̀ dà bí omi ewé.
- Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀.
- Kò fẹ́ mu ọyàn mọ́.
- Ara rẹ̀ tutù, tàbí èémí rẹ̀ ń dá dúró.

Ẹ má sọ pé inú rírun lásán ni. Ẹ má rọ ọ́ lágbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lọ́nà, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, kí ẹ sì fi aṣọ bò wọ́n, kí òtútù má baà mú un.

Kí ni dókítà máa ṣe?

Yóò dá oúnjẹ ẹnu dúró, kí ìfun lè sinmi. Yóò fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa afẹ́fẹ́ inú ikùn jáde. Yóò gba inú iṣan fún un ní omi àti oògùn tó ń pa kòkòrò. Bí ìfun bá ti lu, ó lè gba iṣẹ́ abẹ.

Ẹ má yọ́ fún ọmọ náà ní nǹkan kan mu. Ṣùgbọ́n kí ìyá máa fún wàrà ọyàn rẹ̀ jáde lójoojúmọ́, kó má baà gbẹ. Ọmọ máa nílò rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá yá.

Báwo ni a ṣe lè dín ewu rẹ̀ kù?

Wàrà ọyàn ìyá ló dára jù. Àrùn yìí máa ń mú àwọn ọmọ tó ń mu wàrà inú agolo jù. Omi ọyàn àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí: ẹ má dà á nù. Bí ọmọ kò bá lè fa ọyàn, ẹ fún un sínú ife tó mọ́. Nọ́ọ̀sì yóò fi bí ẹ ó ṣe fún ọmọ hàn yín. Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó gbé e.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò: ní abúlé yín, kí ni wọ́n ń ṣe sí omi ọyàn àkọ́kọ́?