Ara Ọkọ̀ Tí Ó Fúyẹ́: Gíláàsì, Èédú àti Ọ̀gbọ̀

Ọ̀rọ̀ wa lónìí jẹ́ nípa ọkọ̀ eré-ìje, àní nípa àwọn ohun tí a lè fi ṣe ara rẹ̀ dípò irin. Bóyá ẹlòmíràn yóò béèrè pé, kí ni ó kàn wá nínú ọkọ̀ tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ń ṣeré? Èsì wa ni pé ọ̀ràn ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ru àpò àgbàdo méjì kò lè sáré bí ẹni tí ó ru ẹyọ kan. Kò sì lè dúró lójijì, tàbí kí ó ṣẹ́ kọ́ńà, bí ẹnìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ tí ó wúwo. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ fi ń wá ohun tí ó fúyẹ́ ju irin lọ, ṣùgbọ́n tí yóò dáàbò bo ẹni tí ó jókòó nínú rẹ̀. Ìfúyẹ́ àti ààbò ni ohun méjì tí a ó máa wò. Ẹ̀kẹta kan tún wà, a ó sì dé ibẹ̀.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì a máa po koríko gbígbẹ mọ́ amọ̀ kí wọn tó fi mọ bíríkì. Amọ̀ nìkan a máa lanu. Koríko nìkan kò lè dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀, koríko a di amọ̀ mú kí ó má ṣe là, amọ̀ a sì di koríko mú sí ipò rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní èlò àpapọ̀. Nínú ara ọkọ̀, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó gba ipò koríko; oje kan tí a ń pè ní rẹ́sìnì, tí í dì gbagidi, ni ó gba ipò amọ̀. Oníṣẹ́ a tẹ́ aṣọ tí a fi fọ́nrán hun sínú ohun tí a ti gbẹ́ ní ìrísí ilẹ̀kùn tàbí ìdérí ẹ́ńjìnì, a fi oje náà rin ín, a sì jẹ́ kí ó dì. Fọ́nrán lágbára ní gígùn rẹ̀, kò lágbára ní ìbú. Nítorí náà a máa ń tẹ́ ìpele kan sí òòró àti òmíràn sí ìbú, bí ẹni tí ń hun ẹní.

Gíláàsì ni ó kọ́kọ́ gbilẹ̀. A yọ́ ọ nínú iná, a sì fà á di fọ́nrán. Ní ọdún 1953, ilé-iṣẹ́ General Motors ti Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ Corvette 300 tí ara wọn jẹ́ fọ́nrán gíláàsì. Ní 1957, Colin Chapman ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Lotus Elite han ayé, èyí tí ó jẹ́ pé egungun ọkọ̀ pàápàá, tí ó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀, ni a fi gíláàsì ṣe. Èlò yìí kò wọ́n púpọ̀, kì í dípẹtà, oníṣẹ́ kékeré sì lè ṣe é láìní ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ irin. Ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ a máa yún ara, a sì máa ta ojú ẹni tí ń fá a.

Lẹ́yìn náà ni kábọ́nù dé, èyí tí í ṣe ìbátan èédú. Ẹ ti rí ẹni tí ń sun èédú: a máa fi yẹ̀pẹ̀ bo igi, kí afẹ́fẹ́ má bàa jẹ́ kí ó jóná di eérú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú fọ́nrán kan tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń yan án níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, nínú ooru tí ó ju ìwọ̀n Celsius 1,000 lọ, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kábọ́nù nìkan ni ó kù. Ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti irin, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ga. Ní 1981, John Barnard fi í ṣe egungun ọkọ̀ ìdíje McLaren MP4/1. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ó bá kọlu nǹkan, yóò fọ́ yángá. Ní ọdún náà gan-an, ní pápá Monza ní ilẹ̀ Ítálì, ọkọ̀ náà bọ́ mọ́ John Watson lọ́wọ́, ó kọlu ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ́ńjìnì sì já kúrò lára rẹ̀. Watson fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde láìfarapa. Láti ọjọ́ náà ni iyèméjì ti dín kù. Ní 1992, McLaren fi F1 han ayé, ọkọ̀ ojú pópó tí a fi kábọ́nù ṣe egungun rẹ̀.

Wàyí o, ohun kẹta ni èyí: níbo ni ara ọkọ̀ náà yóò lọ nígbà tí ó bá gbó? Irin ṣeé yọ́, kí a sì fi rọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n oje tí ó ti dì dà bí ẹyin tí a ti sè, kò ṣeé dá padà sí tútù. Ẹ wo Trabant, bí kì í tilẹ̀ ṣe ọkọ̀ eré-ìje. Láti 1957 títí di 1991 ni a fi ń ṣe é ní apá ìlà-oòrùn Jámánì. Nítorí ọ̀wọ́n irin, èérún òwú pẹ̀lú rẹ́sìnì ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì ṣe ju 3,000,000 lọ. Nígbà tí Jámánì tún di ọ̀kan ní 1990, tí àwọn ènìyàn sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ara ọkọ̀ wọ̀nyí di ẹrù ìnira: kò dípẹtà, kò jẹrà, kò sì ṣeé yọ́.

Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ fi padà sí oko. Ní 2008, Lotus fi fọ́nrán ewéko tí a fi ń ṣe okùn ṣe apá kan ara ọkọ̀ Elise kan. Ní 2019, Porsche ti Jámánì fi fọ́nrán ewéko, irú èyí tí í ti ara ọ̀gbọ̀ wá, ṣe ilẹ̀kùn àti ìyẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdíje 718 Cayman GT4 Clubsport. Ọ̀gbọ̀ yìí kan náà ni a fi ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀ tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì. Ó fúyẹ́ ju gíláàsì lọ, a máa pa ìgbọ̀nrìrì, bí ó bá sì fọ́, kì í ní ẹnu mímú bí kábọ́nù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń mu omi bí a kò bá fi oje bò ó dáradára, agbára rẹ̀ kò sì tó ti kábọ́nù. Bí oje rẹ̀ bá sì jẹ́ irú ti àtijọ́, ìṣòro ìkẹyìn rẹ̀ kò tíì tán, nítorí fọ́nrán nìkan ni ó ti oko wá.

Kí ni a ó wá wí? Kò sí èlò kan tí ó borí ní gbogbo ọ̀nà. Ibi tí ẹ̀mí awakọ̀ rọ̀ mọ́, bí egungun tí ó yí i ká, ẹ jẹ́ kí kábọ́nù tàbí irin tí a ti dánwò ṣe é. Ilẹ̀kùn, ìdérí àti ìyẹ́, tí wọn kò ru ẹrù púpọ̀, ọ̀gbọ̀ tó fún wọn. Kí ẹni tí ó bá sì ń yin ọkọ̀ nítorí eré rẹ̀ máa béèrè ohun mẹ́ta: báwo ni ó ti fúyẹ́ tó, ta ni yóò gbà là bí ó bá kọlu nǹkan, ta ni yóò sì ru òkú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la? Oníṣẹ́ tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó mọ iṣẹ́.