Oògùn Jẹjẹrẹ Tí Dókítà Kọ Fún Ẹni Tó Ń Wá Ọmọ

Ká ní ẹ ti ń wá ọmọ fún ìgbà díẹ̀, dókítà wá kọ letrozole fún yín, ẹ sì rà á ní kẹ́místì kan lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ tó dé Ajah. Ẹ délé, ẹ ka ìwé pélébé inú páálí rẹ̀, ẹ rí i pé oògùn jẹjẹrẹ ọyàn ni. Àyà á já. Ẹ fọkàn balẹ̀: dókítà yín kò ṣì í kọ.

Họ́mọ̀nù ni ohun tí ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara mìíràn. Èyí tó kàn wá lónìí ń jẹ́ oestrogen. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní họ́mọ̀nù obìnrin. Òun ló ń mú ọyàn yọ lára ọmọge, òun náà ló ń mú ilé ọmọ nípọn lóṣooṣù. Letrozole kì í jẹ́ kí ara ráyè ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọyàn ló ń fi họ́mọ̀nù obìnrin dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni. Àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé lára kókó náà ló ń fi í hàn. Ìyá tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ nítorí ọjọ́ orí, ilé ẹyin rẹ̀ ti sinmi, àmọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ ṣì ń ṣe họ́mọ̀nù náà díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni letrozole ń dí: hóró kan lójúmọ́, mílígíráàmù 2.5, ọdún 5 lọ́pọ̀ ìgbà. Ọdún 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí.

Báwo ló ṣe wá ń ran ẹni tó ń wá ọmọ lọ́wọ́? Ẹ wo pọ́ńpù tó ń tan ara rẹ̀ nínú ọgbà yín. Bí omi táńkì bá lọ sílẹ̀, á tan; bó bá kún, á kú. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe ń ṣọ́ họ́mọ̀nù obìnrin. Bí letrozole bá mú un lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ránṣẹ́ líle sí ilé ẹyin pé kó ṣiṣẹ́, ẹyin á gbó, á sì jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ 5 péré ni wọ́n ń lò ó, láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta nǹkan oṣù. Yóò ti máa kúrò lára kí oyún tó dúró.

Mitwally àti Casper ní Toronto ló kọ́kọ́ tẹ àbájáde ìlò rẹ̀ fún wíwá ọmọ jáde lọ́dún 2001. Lọ́dún 2014, àwọn olùṣèwádìí mìíràn fi í wé clomiphene, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Clomid, lára obìnrin 750 tí àìsàn PCOS kì í jẹ́ kí ẹyin wọn jáde déédéé. Ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo letrozole ló bímọ. Ti clomiphene jẹ́ 19.1.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ọ̀dọ́bìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, kò gbọdọ̀ yá letrozole ìyá àgbà rẹ̀ lò. Pọ́ńpù tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́: ọpọlọ á ta ilé ẹyin jí, họ́mọ̀nù tí a fẹ́ dí á tún máa jáde. Dókítà á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ goserelin, tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn lọ́jọ́ 28-28, mú ilé ẹyin sinmi. Ó sì lè fún un ní tamoxifen, tí kì í dá họ́mọ̀nù dúró, àmọ́ tí kì í jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́ nínú ọyàn.

Ẹ̀yin tó sì ń ra letrozole ní kẹ́místì láìrí dókítà nítorí pé ẹ fẹ́ bí ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí àwọn dókítà rí i dájú pé oyún kò tíì sí níkùn, nítorí oògùn yìí lè pa ọmọ inú lára, kí wọ́n sì fi síkáànù ka iye ẹyin tó ń gbó.

Oríkèé ríro àti ooru òjijì tí letrozole máa ń fà ló ń mú àwọn ìyá kan dá oògùn jẹjẹrẹ dúró. Egungun náà lè fúyẹ́. Ẹ sọ fún dókítà yín. Bó jẹ́ ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà lẹ ti ń gbàtọ́jú, tó jìnnà sí Ajah, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ sí anastrozole tàbí tamoxifen.