Ọkọ̀ Tó Máa Gbé Yín Padà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè

Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Ouagadougou mọ omi lọ́nà tirẹ̀. Èyí tó mọ̀ ni ti ìsédò mẹ́ta tó wà nínú ìlú, tí gbogbo wa ń pè ní baràjì, tí àwọn olóko ń gbin ẹ̀fọ́ sí bèbè rẹ̀. Òjò a rọ̀ láti bí oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kẹsàn-án, omi a kún. Tí ooru oṣù Kẹrin bá fi máa dé, ó ti fà débi tí ẹrẹ̀ etí rẹ̀ ń sán. Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ èrò tó ń ná an. Nítorí náà, tí ìdílé kan bá ń ti Ouaga relé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù kan láàárọ̀ kí wọ́n sì padà nírọ̀lẹ́, ó yẹ kí ẹnìkan kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn bí nǹkan ṣe ń lọ lórí ọ̀sà.

Ó dára pé ọ̀nà ilé gan-an ló gba ibẹ̀. Bóyá ọkọ̀ yín gba Pô wọ Ghana o, bóyá ó gba Cinkassé wọ Togo o, Lomé ló máa já sí. Yóò gba Cotonou, yóò gba ibodè Sẹ̀mẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dé Àgbádárìgì. Láti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo títí dé Èkó, omi kan náà ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ń ṣàn lẹ́yìn etíkun bí ọ̀nà. Ẹ ò nílò kí ẹ kọ́kọ́ wọ Èkó kí ẹ tó rí ọ̀sà.

Ohun tó yẹ kó yé yín ṣáájú ni pé ọkọ̀ èrò orí omi, ó di ìgbà tó bá kún kó tó gbéra. Ẹ lè dé èbúté láago mẹ́wàá kí ẹ sì jókòó di aago mọ́kànlá, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ tí èrò kò pọ̀. Èyí ò burú nígbà tí ẹ bá ń lọ. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ ni wàhálà wà, torí èrò tó ń kúrò ní erékùṣù máa ń dín kù bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, atukọ̀ náà sì fẹ́ dé ilé tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí èyí, láti ìpadàbọ̀ ni a ti ń ṣètò ìrìn omi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ atukọ̀ tàbí ẹni tó ń gba owó ní èbúté pé aago mélòó ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn máa ń kúrò ní òdìkejì. Ẹ bi ẹlòmíì náà kí ẹ lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa ka wákàtí padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi Gbẹ̀rẹ̀fú ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ iyanrìn tóóró ni, láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kì í sì í pẹ́ dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun láyé ọjọ́un. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rin ọ̀nà oníyanrìn láàárín igi àgbọn fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí ìtàn ìlú sọ pé wọ́n máa ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kó lè gbàgbé ilé, òpin ọ̀nà náà sì ni ẹnubodè àlọ-àìbọ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Point of No Return. Ọ̀kadà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀kadà gbé àwọn ọmọ lọ. Ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi rìn ín, kí iyanrìn náà wúwo fún wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ nínú òkun ibẹ̀, torí ìgbì rẹ̀ le, ó sì ń fa èèyàn.

Ká sọ pé ẹ fẹ́ padà dé èbúté Àgbádárìgì láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ wákàtí kan sílẹ̀ fún dídúró de ọkọ̀ àti líla omi kọjá: aago mẹ́ta nìyẹn. Ẹ yọ ogójì ìṣẹ́jú ìrìn ẹsẹ̀: ó ti di aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú tí ẹ gbọ́dọ̀ kúrò létí òkun. Wákàtí kan àbọ̀ láti jókòó kí ẹ sì jẹun, ogójì ìṣẹ́jú ìrìn àlọ, wákàtí kan fún ọkọ̀ àlọ. Aago mọ́kànlá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbẹ̀yìn tí ẹ lè fi dé èbúté. Ẹni tó bá fẹ́ wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní Àgbádárìgì lọ́dún 1845, kó yáa jí ní kùtùkùtù.

Tí ẹ bá pọ̀, ẹ lè dá ọkọ̀ gbà. Ẹ ná owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ẹ san ìdajì, kí ẹ fi ìdajì yòókù sílẹ̀ títí ọkọ̀ á fi gbé yín padà.

Nǹkan mìíràn tó fi yẹ kí ẹ tètè jáde ni afẹ́fẹ́. Láàárọ̀, ojú ọ̀sà a máa dákẹ́. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ òkun a dìde, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ìjì tún wà. Ẹni tó bá gbé Ouaga mọ ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, tí eruku pupa rẹ̀ ń dúró bí ògiri kí òjò tó dé. Irú ìjì yẹn náà ló ń jà lórí ọ̀sà, àmọ́ kò ní eruku tí yóò fi kìlọ̀. Tí ẹ bá rí i tí ìlà-oòrùn ṣú dùdù, ẹ má gbéra, kódà bí atukọ̀ bá ní kò sí nǹkan.

Ẹ ó tún rí ewé kan tó ń léfòó, tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Ọ̀sà Àgbádárìgì yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, lọ́dún 1984, omi ló gbé e wá láti ìhà Àjàṣẹ́. Ó máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, atukọ̀ a sì ní láti pa ẹ́ńjìnnì kó fi ọwọ́ tú ewé náà. Ìjókòójẹ́ẹ́ ló kù nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má dìde wò ó.

LASWA, àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Àgbádárìgì wà nínú rẹ̀, dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 láti bójú tó ìrìnnà ojú omi, ti fòfin de ìrìn òru, ó sì sọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì di dandan. Ìdí wà fún un. Nínú oṣù Keje ọdún 2022, ọkọ̀ kan gbéra ní Mile 2 ní Èkó nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ó ń lọ sí Ìbẹ̀ṣe; ó dojú dé, èèyàn tó kú lé ní mẹ́wàá. Tí wọ́n bá na jákẹ́ẹ̀tì sí yín, ẹ dè é tán, kí ẹ wá di èjìká rẹ̀ mú, kí ẹ fà á sókè. Tó bá gòkè dé etí yín, ó tóbi jù, ẹ dá a padà. Àárín ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ sí nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ má tẹ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì jókòó lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣẹ́ owó sí náírà lè ti Cotonou ya lọ sí Ganvié, torí owó CFA tí à ń ná ní Ouaga ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Èbúté Abomey-Calavi ni ọkọ̀ rẹ̀ wà. Ìlú orí òpó ni, láàárín adágún Nokoué, àwọn Tofinu tó ń sá fún àwọn akónilẹ́rú Dahomey ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ná ọjà, ọkọ̀ làwọn ọmọ fi ń lọ síléèwé. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó ya àwọn obìnrin ibẹ̀ ní fọ́tò.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kéré, ọ̀rọ̀ kan kù. Ti àgbàlagbà ló máa ń pọ̀ nínú àwọn jákẹ́ẹ̀tì tó wà ní èbúté, ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin á sì yọ́ bọ́ lára rẹ̀ bí ẹja. Ẹ ra èyí tó bá a mu dání kí ẹ tó dé etí omi. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ọkọ̀, bí oòrùn tilẹ̀ mú, bó tilẹ̀ ń sunkún, ẹ má sì bọ́ ọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi tẹ iyanrìn.