Thunder Balógun: Agbábọ́ọ̀lù Tó Di Olùkọ́

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ ní Awo àti ní Ẹdẹ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn òbí mìíràn a máa bínú. Wọn a ní, "Bọ́ọ̀lù yìí, ṣé yóò bọ́ ọ dalẹ́?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Agbára ọ̀dọ́ kì í pẹ́ lára. Nígbà tí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun agbábọ́ọ̀lù, kí ni yóò máa ṣe? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn Teslim Balógun.

Èkó ni wọ́n bí i sí. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ le púpọ̀, ni àwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní "Thunder", èyí tí í ṣe àrá.

Ní ọdún 1949, ó wà lára agbábọ́ọ̀lù 18 tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹnu ya àwọn òyìnbó! Níbi ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine, nítòsí Liverpool, ní 5 sí 2.

Ní ọdún 1955, Balógun padà lọ síbẹ̀, ó sì wọ ẹgbẹ́ Peterborough. Ní 1956, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbá ìdíje líìgì 13 fún wọn, ó sì jẹ gọ́ọ̀lù 3. Ẹ má fojú kéré èyí o. Nígbà náà, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ rárá.

Balógun kò fi òkìkí yìí ṣe àṣejẹ. Ó tún jókòó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bọ́ọ̀lù, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kóòṣì.

Kí ni iṣẹ́ kóòṣì? Ẹ wo télọ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dá. Ó lè rán aṣọ tó dára, kó má sì mọ bí a ti ń kọ́ ọmọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ le kò lè yá ọmọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni yóò fi kọ́ ọ: "Gbé ẹsẹ̀ kejì sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù. Má fi ọmọ ìka gbá a, ibi okùn bàtà ni kó o fi gbá a. Má fi ara sẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù yóò fò lọ sókè." Kóòṣì tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó lè sáré, ẹni tó ń lo ẹsẹ̀ òsì, àti ẹni tó yẹ kó sinmi.

Ní ọdún 1968, Nàìjíríà lọ gbá bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Mẹ́síkò. Balógun wà lára àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ náà. Japan àti Spain na àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n àwọn àti Brazil ta ọ̀mì, 3 sí 3.

Balógun kú ní ọdún 1972. Ní 2007, wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá kan ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Èèyàn tó lé ní 20,000 ló lè jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, ṣùgbọ́n kó kàwé pẹ̀lú. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ rántí pé Thunder ti lórúkọ kó tó tún jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Kò tì í lójú.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe Balógun ní Thunder?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́?
3. Iṣẹ́ wo ni ìwọ mọ̀, tí o lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ọmọdé?