Ayò Tí A Kọ́ àti Ayò Tí A Ń Ta

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, òwe yìí bá ọ̀pọ̀ nínú wa wí nídìí ọpọ́n ayò. A ti kà nípa ayò ọlọ́pọ́n. A mọ ohun tí odù jẹ́, a sì lè ṣàlàyé bí a ṣe ń jẹ ayò. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó ti àgbà kan tí kò ka ìwé kankan nípa ayò rí, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti jẹ wá tán. Níbo ni ìmọ̀ náà ń gbà lọ?

Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, ní ilẹ̀ àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀, yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Láti orí òkè náà, níbi tí ilé ìsinmi Lugard wà, ènìyàn ń rí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tí ó wà lójú omi kò rí gbogbo rẹ̀. Omi tí ó wà níwájú rẹ̀ ló ń rí, àti iyanrìn tí ó lè mú kí ọkọ̀ rẹ̀ há. Ìwé kíkà dà bí orí òkè. Ayò títa dà bí ojú omi. Ìṣòro wa ni pé a kò mọ ohun tí a ó gbé sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi odù ṣe àpẹẹrẹ. A mọ̀ pé ọpọ́n ní ilé 12, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Bí ọmọ tí a ta kẹ́yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, a ó jẹ ẹ́. Bí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, a ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Bí odù bá yí ọpọ́n po, a ó fo ilé tí a ti kó o.

Ká ní ọmọ 14 wà nínú ilé rẹ tí ó kángun sí ọ̀tún. Lọ́dọ̀ ẹnìkejì, ilé mẹ́ta tí ọwọ́ rẹ yóò kọ́kọ́ kàn ṣófo, ilé kẹrin sì ní ọmọ mẹ́rin. Bí o bá ta odù náà, ọmọ 11 yóò yí ọpọ́n po, mẹ́ta tí ó kù yóò tún bọ́ sí ilé mẹ́ta wọ̀nyẹn. Wọ́n di méjì-méjì, o jẹ mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ì bá di mẹ́ta-mẹ́ta, ò bá sì jẹ mẹ́sàn-án.

Ohun tí a kọ́ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì kò sùn. Ó kó ọmọ mẹ́fà inú ilé rẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ó tà wọ́n sí ọ̀dọ̀ rẹ; odù rẹ di 15. Ẹni tí ó ti há a sórí pé odù ń jẹ yóò ṣì ta á. Ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí ilé kẹrin, ilé náà yóò di mẹ́fà, kò sì ní jẹ nǹkan kan. Odù tú, kò mú ẹyọ kan wálé. Orúkọ ni a há sórí; iye ni ọpọ́n ń béèrè.

Kì í ṣe pé kí a lọ há púpọ̀ sí i sórí. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú awari, eré tí ó bá ayò wa tan. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣi ayò ta, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Orí ta ni yóò gba iyẹn? Ìbéèrè mẹ́ta péré tó láti gbé dé ìdí ọpọ́n:

Èkíní, kí ni ẹnìkejì lè jẹ lọ́dọ̀ mi? Ilé mi tí ó ní ọmọ kan tàbí méjì ni kí n kọ́kọ́ wò.

Èkejì, ibo ni ọmọ ìkẹyìn mi yóò bọ́ sí? Kí n tún un kà nísinsìnyí. Kí n má gbẹ́kẹ̀ lé iye àtẹ̀yìnwá.

Ẹ̀kẹta, bí mo bá ta èyí, kí ni yóò kù fún ẹnìkejì láti ta? Ẹni tí kò ní ibòmíràn láti ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé rẹ̀.

Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tó kan òmíràn. Ẹ má sì kọ́ ọ nínú yàrá tí ó dákẹ́ nìkan, nítorí ìdí ọpọ́n kì í dákẹ́: òǹwòran ń sọ̀rọ̀, ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ń ta backgammon lè di ẹ̀bi ru ọmọ ayò olójú mẹ́fà tí ó dà sílẹ̀. Ayò tiwa kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ wà lójú, ẹni tí ó kà á ló ni ín.

Bí àwa tí a ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá kò bá lè ta ayò, inú ìwé ni yóò kú sí. Ẹ gbé ọpọ́n jáde o.